Ojú Òsì Bàbá Oyèwọlé

Ẹ fi iṣẹ́ ọwọ́ yín sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé, "Ojú ò dùn mí, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe lọ́dọ̀ dókítà?"

Ní ọdún kejì tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, àwọn dókítà ojú wá sí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkẹ́rẹ́. Bàbá Oyèwọlé, àgbẹ̀ kòkó, lọ síbẹ̀ nítorí pé ìyàwó rẹ̀, Ìyá Máyọ̀wá, kò jẹ́ kó gbádùn. Ó ka gbogbo lẹ́tà ara pátákó, kò ṣi ọ̀kan. Inú rẹ̀ dùn bíi ti ẹni tó gba ipò kìíní.

Ṣùgbọ́n dókítà tan iná sí i lójú, ó sì wò ó fínnífínní.

"Bàbá, nǹkan funfun bí eérú wà nínú ojú yín, tòsì ló pọ̀ jù. Ó ń dí ibi tí omi inú ojú ń gbà jáde, omi náà sì ń tẹ ẹ̀yìn ojú. Iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ ti ń fẹ́lẹ́. Tó bá fẹ́lẹ́ tán, kò sí oògùn tó lè mú un nípọn mọ́. Ẹ máa kán oògùn yìí sójú méjèèjì láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ẹ má dá a dúró o!"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni bàbá fi kán an.

"Ojú ò dùn mí, oògùn ló ń ta mí," ló wí. "Ìyá Máyọ̀wá, ṣé o rí kòkó tó pọ́n lókè yẹn? Mo ti rí i kí o tó rí i!"

Bó ṣe ń dán ojú wò nìyẹn: méjèèjì ló máa ń là sílẹ̀ wo orí igi. Kò fọwọ́ bo ọ̀kan rí. Nígbà tó yá, ó ń fi èjìká òsì gbá ilẹ̀kùn, ó ń da omi nù, ẹlòmíràn ló sì ń bú.

"Ta ló gbé kọ́ọ̀pù síbí?"

"Bàbá Máyọ̀wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká padà lọ rí dókítà."

Kò gbọ́. Agídí burú jáì!

Lẹ́yìn ọdún méjì, wọ́n jókòó yí òkìtì kòkó ká lóko, wọ́n ń fọ́ ọ. Èèpo kan ta bà á lójú ọ̀tún. Ó sáré fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyá Máyọ̀wá, ulẹ̀ ti ṣú ni?"

"Ulẹ̀ kẹ̀? Ọ̀sán gangan rèé!"

"Mi ò rí ọ. Ìyá Máyọ̀wá, mi ò rí ọ o!"

Iwájú rẹ̀ gan-an ni obìnrin náà jókòó sí. Ìyá Máyọ̀wá bú sẹ́kún.

Ní ọsibítù, wọ́n fọ ojú ọ̀tún, ó sàn. Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ojú òsì ti kú.

"Dókítà, màá kán oògùn yẹn báyìí. Ẹ fún mi ní tòsì."

"Bàbá, tọ̀tún nìkan ló kù tí mo lè fún yín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, àìsàn ojú mìíràn kì í dunni títí tó fi máa ṣe ọṣẹ́ tán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ojú yín wò nígbà tí ẹ ṣì ń ríran, kí ẹ sì lo oògùn bí wọ́n ṣe ní kí ẹ lò ó. Àìtètè mú olè, olè ń mú olóko.