Ààwẹ̀ Màmá Sọ̀fíyàt

Ní gbogbo Ògbóòró, Sọ̀fíyàt ò mọ ẹni tó ń gbààwẹ̀ tó ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà tí bàbá Sọ̀fíyàt ti kú, ààwẹ̀ màmá ò tán mọ́.

"Èyí tí mo jẹ nínú Ràmàdáánì ni mò ń san," ni wọ́n máa ń wí.

Sọ̀fíyàt a máa fi wọ́n yangàn ní ilé-kéwú.

Lọ́sàn-án yìí, aládùúgbò gbé abọ́ iyán kan wá, tòun tẹran. Màmá pín in fún Sọ̀fíyàt àtàwọn àbúrò ẹ̀, màmá sì nu ọwọ́ sí ìró.

"Màámi, tiyín ńkọ́?"

"Mò ń gbààwẹ̀, ọmọ mi. Ẹ jẹun."

Òkèlè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu Sọ̀fíyàt kó tó rántí ohun tí Lèmọ́ọ̀mù sọ ní Yídì láàárọ̀.

"Iléyá lòní. Háráámù ni, èèwọ̀ ni, kéèyàn gbààwẹ̀ lọ́jọ́ ọdún."

Ọwọ́ ẹ̀ dúró sójú kan. Bó bá jẹun, ebi á máa pa ìyá ẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀, ìtìjú á bá wọn.

Ó dá òkèlè padà, ó sì rọra ti abọ́ sọ́dọ̀ màmá.

"Èmi náà ń gbààwẹ̀, Màámi."

Màmá lejú mọ́ ọn. "Ìwọ ọmọ yìí, ta ní ń gbààwẹ̀ lọ́jọ́..."

Wọ́n gbójú kúrò lójú ọmọ wọn, wọ́n sì tẹjú mọ́ abọ́ iyán.