Ihò Tí Olóyè Fọlárànmí Dí

Nígbà tí Ìyá Àgbà, ìyálé ìyá rẹ̀, ń ṣàìsàn, Olóyè Fọlárànmí fi àkísà dí ihò atẹ́gùn tó wà láàárín yàrá màmá náà àti pálọ̀, kí ikọ́ rẹ̀ má baà dójú tì í níwájú àwọn àlejò pàtàkì.

"Ẹ ní sùúrù, Ìyá Àgbà," ló wí. "Ara á tù yín."

Inú ooru yàrá tí kò ní atẹ́gùn yẹn ni màmá kú sí.

Kò pé oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ikú rẹ̀ tí Olóyè fi gbé ẹ̀rọ amúlétutù wọ yàrá náà. Ó ní kí Múfú bíríkìlà fi sìmẹ́ǹtì dí gbogbo ihò ibẹ̀, kí otútù olówó gọbọi má baà ta sí àwọn aládùúgbò lára.

"Olóyè, nǹkan ń húkọ́ nínú ògiri yìí o."

"Eku ni."

"Eku kì í húkọ́, sà."

"Eku ilé olóyè ni. Tirẹ̀ yàtọ̀."

Nírọ̀lẹ́, Olóyè ti ilẹ̀kùn yàrá náà mọ́ra, ó nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì. Iná lọ. Ooru dé. Ó nawọ́ láti ṣí fèrèsé, àmọ́ sìmẹ́ǹtì tútù lọwọ́ rẹ̀ bà, ojú ìka tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà lára rẹ̀. Ó sáré lọ sídìí ilẹ̀kùn. Ògiri ló bá níbẹ̀.

Ẹnì kan húkọ́ lórí bẹ́ẹ̀dì.

"Ní sùúrù, ọmọ mi. Ara á tù ọ́."