Ọ̀rọ̀ Àárọ̀ Lára Ilẹ̀kùn

Ní Ṣakí, kò sí ilẹ̀kùn tó ń ṣí fún ọmọ ọdún márùn-ún láàárọ̀ àfi tó bá ka ọ̀rọ̀ tó hàn lára rẹ̀. Láti ọjọ́ Ajé ni Ìmísí ti ń kà á bí ẹni mumi: ewúrẹ́, àgbàdo, òjò. Ìyá àgbà rẹ̀ á gbé àpò kọ́ ọ léjìká, ó di iléèwé.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Ìmísí wo ọ̀rọ̀ náà, ó panu mọ́.

"Kà á, ọmọ dáadáa," ni ilẹ̀kùn wí.

Ìmísí mirí. Àyà ìyá àgbà já. Àbí ọmọ yìí ti gbàgbé gbogbo rẹ̀ ni?

Ni Ìmísí bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú o. Orúkọ yín ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹnu mi ò gbà á."

Ìyá àgbà sún mọ́ ilẹ̀kùn, ó rí i gàdàgbà: ÀYỌ̀KÁ. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ṣí jàre! Ó ti kà á tán. Ìwọ gan-an ni o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé."



"Ẹ forí jì mí, Màmá," ni ilẹ̀kùn wí, ó sì ṣí.