Bàtà Kékeré Tó Wọ Afínjú Lójú

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kẹ́ ẹ jù ú sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ojú rẹ̀ kì í kúrò lára ohun ẹlòmíì.

1. Agbáwo ni Afínjú nílé oúnjẹ ńlá kan. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án níbẹ̀, máníjà sì ti ṣèlérí pé tóṣù bá parí, òun ni yóò di ọ̀gá àwọn agbáwo. Ó yẹ kínú rẹ̀ máa dùn, àbí? Kò dùn o. Kékeré, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ló ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ọmọ náà ní bàtà kan, funfun pẹ̀lú pupa, tó ga bo ọrùn ẹsẹ̀, irú èyí táwọn agbábọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ń wọ̀ láyé ijọ́un. Bó bá ti ń wọlé láàárọ̀ làwọn alásè á ti máa yìn ín. Afínjú á rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú rẹ̀ á máa ta á bí ata.

2. Nígbà tí ara rẹ̀ ò gbà á mọ́, ó bi Kékeré bóyá èèyàn lè máa wọ irú bàtà bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ọmọ náà ò fi nǹkan kan pa mọ́. Ó ní ó dáa fún ìgboro, àmọ́ ó wúwo. Òun máa ń bọ́ ọ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, òun á ki ẹsẹ̀ bọ bàtà rọ́bà tí kì í yọ̀.

"Àǹtí mi, tẹ́ ẹ bá máa rà á, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Èyí tó ti pẹ́ nínú páálí, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á ti gbẹ."

Òjòwú ò gbọ́ ìmọ̀ràn. Ó ní ọmọ yìí ò kàn fẹ́ kóun gbayì ni. Ó wá lọ ra ògbólógbòó tó ti wà nínú páálí fún ogún ọdún, torí irú rẹ̀ ló wọ́n jù lọ́jà, kí tiẹ̀ lè ju ti Kékeré lọ.

3. Ọjọ́ Sátidé tí èrò kún ló wọ̀ ọ́ wọ ilé ìdáná. Kékeré bẹ̀ ẹ́ pé kó bọ́ ọ, òun á yá a ní rọ́bà. Afínjú ní kó gbájú mọ́ tiẹ̀. Ìgbà kẹta tó gbé tíréè ọbẹ̀ gbígbóná, ìsàlẹ̀ bàtà náà rún wómúwómú. Kékeré sáré dì í mú kó má ṣubú. Ọwọ́ ọmọ náà lọbẹ̀ dà lé.

Kékeré lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nílé ìwòsàn. Máníjà gbé ipò ọ̀gá fún ẹlòmíì. Nígbà tí Afínjú lọ kí ọmọ náà, ẹkún ló fi bá a sọ̀rọ̀.

"Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò, mi ò gbọ́ ohun tẹ́nu rẹ ń sọ."

Kékeré yíjú sí ògiri.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, ẹ ṣọ́ra fún owú. Kẹ́ ẹ tó ra irú bàtà ẹlòmíì, ẹ bi ara yín léèrè ibi tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Òjòwú ò lẹ́ran láyà. Ìbá jẹun, kò yó.