Erinfọlámí Kan Ṣoṣo

Lẹ́gbẹ̀ẹ́ oyin àti obì tí wọ́n fẹ́ fi sọmọ lórúkọ, ẹ̀rọ ìforúkọsílẹ̀ ìjọba kọ ọ́ gàdàgbà pé: Erinfọlámí Kejì. Ẹnì kan ṣoṣo ni òfin gbà kó jẹ́ orúkọ kan láìní nọ́ńbà, Ìkíní sì ṣì wà láàyè. Bàbá bàbá ọmọ náà ni, ó jókòó síwájú ẹ̀rọ.

Kúnlé, ọmọ rẹ̀, kúnlẹ̀ tì í. "Bàbá, ẹ tẹ̀ka, kẹ́ ẹ fi orúkọ náà sílẹ̀ fún un. Kúnlé Ẹgbàá Mẹ́rin ni wọ́n ń pè mí láti kékeré. Iléèwé gidi wo ló ń gba ọmọ tó ní nọ́ńbà nídìí orúkọ? Ta ló tiẹ̀ ń pè yín lórúkọ?"

Òótọ́ ọ̀rọ̀ korò. Ìyá tó bí bàbá ti kú. "Bàbá Kúnlé" ni ìyàwó rẹ̀ ń pè é títí tó fi kú. Ó ku Lájùwọ̀n nìkan, ọ̀rẹ́ ìgbà èwe rẹ̀.

"Ẹ ò kúkú dúró kí n kú," ni bàbá wí. Ó tẹ̀ka. Ilé hó yèè.

Kò pẹ́ tí Lájùwọ̀n fi tẹ ọ̀pá wọlé, tó ń kígbe bí ìṣe rẹ̀: "Erinfọlámí! Erinfọlámí ọ̀rẹ́ mi!"

Bàbá ti la ẹnu láti dáhùn kó tó rí i pé gbogbo ilé ti nawọ́ sí ọmọ.

"Òun nìyẹn, bàbá!" ni wọ́n ń wí fún Lájùwọ̀n tẹ̀ríntẹ̀rín.

Lájùwọ̀n yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Ìwọ wá ńkọ́?"

Bàbá sún àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Kọjá," ló wí. "Ọmọ lò ń pè."