Gẹ̀ẹ́sì Bàbá Dàpọ̀

Ohun tó gbé Jọkẹ́ dé kíláàsì Àǹtí Bernice kò ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Bàbá Dàpọ̀, ọkọ rẹ̀, ló gbé e kúrò nílé, ó ní òun mọ ẹni tí yóò tún un ṣe ní Bassa. Ẹ̀rọ náà kò padà. Ṣọ́ọ̀bù Jọkẹ́ ní Marché Central, ọjà ńlá Douala, wá di ibi ìjókòó lásán, àwọn oníbàárà rẹ̀ sì ń kó aṣọ wọn lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Akọ̀wé ni bàbá Dàpọ̀ níléeṣẹ́ pákó kan tó máa ń rán an kiri ẹ̀gbẹ́ ìlú: Yassa lọ́sẹ̀ yìí, Bassa lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí Jọkẹ́ bá béèrè ẹ̀rọ rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni ọkùnrin náà máa ń bọ́ sí.

“Be reasonable, my dear woman,” ni yóò wí, yóò sì máa bá a lọ títí ọbẹ̀ yóò fi dì.

Douala níbí, ní Kamẹrúùnù, ni wọ́n bí Jọkẹ́ sí. Ó gbọ́ Faransé, ó gbọ́ Píjìnì, ó sì ní Yorùbá tó tó fi ná ọjà. Gẹ̀ẹ́sì akọ̀wé ni kò sí lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí kò bá rí èsì fọ̀, òun náà ló jẹ̀bi nílé wọn.

Àǹtí Bernice fúnra rẹ̀ ló wá a wá sí ṣọ́ọ̀bù, lọ́dún 1974. Obìnrin náà ti ṣe tíṣà ní Buea rí. Ó ní òun ń kọ́ àwọn obìnrin ní Gẹ̀ẹ́sì nílé òun lọ́sàn-án Sátidé, òun kì í sì í gbowó.

“Èrè wo wá ni tiyín níbẹ̀, Àǹtí?”

“Èrè mi ń bọ̀,” ni Àǹtí Bernice wí.

Ẹni mẹ́ta péré ni wọ́n ní pálọ̀ náà. Yàtọ̀ sí Jọkẹ́, Kúlúsúmù wà níbẹ̀, ìyá Mùíbì, tó ń ta ata gbígbẹ ní Yassa. Juliana, ìyàwó tuntun tí oyún rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ń ti Bassa wá. Lára ògiri, lókè pátákó ìkọ̀wé, ojú ibi tí àwòrán ńlá kan ti wà rí ṣì mọ́ ju ìyókù lọ.

Lọ́jọ́ kan, Àǹtí Bernice kọ “confrontation” sójú pátákó.

“Kí ẹni méjì dojú kọ ara wọn nìyẹn,” ó wí, “kí wọ́n forí korí, kí ẹnikẹ́ni má yẹ̀. Ẹ fi ṣe gbólóhùn fún mi. Ọ̀rọ̀ inú ilé, ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni mo fẹ́.”

“Àwọn pólíìsì ibí ń sọ ọ́ ní Faransé,” ni Jọkẹ́ wí. “Bí wọ́n bá mú olè, wọ́n á kó gbogbo ẹni tó jà lólè jọ síwájú rẹ̀.”

Àǹtí Bernice wò ó díẹ̀. “Ohun kan náà ni,” ó wí.

Kúlúsúmù ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó ní òun àti bàbá Mùíbì ní confrontation lórí sítóòfù òun, tó gbé lọ yá ọ̀gá rẹ̀ tí kò gbé padà. Ibẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì ti tán.

“Èmi nìkan ni mo ní confrontation náà ṣá,” ó fi Yorùbá parí rẹ̀. “Òun ń tayín ní tirẹ̀.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àánú rẹ̀ ṣe Jọkẹ́. Bàbá Dàpọ̀ ní àléébù tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló gbé sítóòfù wálé fún un nígbà Kérésìmesì. Kò burú tó bàbá Mùíbì.

Juliana ní ọkọ òun kì í bá òun jà. Ó tilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fún òun ní ẹ̀rọ ìránṣọ, kí òun máa fi rán aṣọ ọmọ. Ẹ̀rọ ọ̀hún ni òun àti ẹ̀ ní confrontation. “Ó ń rán ọ̀kan, ó ń fo ọ̀kan.”

“Tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀,” ni Jọkẹ́ wí. “Kó o tó tẹ̀ ẹ́, fọwọ́ yí wíìlì rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀. Á gbọ́.”

Ní Sátidé kejì, Juliana mú ẹ̀wù ọmọ kékeré kan wá, ó gún régé. Jọkẹ́ yẹ ojú rírán rẹ̀ wò, ó yìn ín, ó sì jowú. Ṣé ọkọ ẹlòmíràn ń gbé ẹ̀rọ wọlé, tòun ń gbé e jáde?

Ó wá fi ara balẹ̀ kọ́ gbólóhùn tirẹ̀: “I want a confrontation with you about my machine.” Ó ń sọ ọ́ fún ìkòkò, ó ń sọ ọ́ fún aṣọ tó ń fọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, tí bàbá Dàpọ̀ bá ti Yassa dé, ni yóò sọ ọ́ sí i lójú.

“Ẹ ò gbọdọ̀ lọ sọ ọ́ nílé láìdán an wò,” ni Àǹtí Bernice wí ní Sátidé tó ṣáájú Sọ́ńdè náà. “Ahọ́n obìnrin máa ń wúwo tó bá rí ojú ọkọ. Mo ti bẹ bàbá Silas, ọkọ mi. Gẹ̀ẹ́sì ò ṣòro fún un. Á dúró bí ọkọ yín, kálukú á sọ tirẹ̀ fún un.”

“Ọkọ ẹni mẹ́ta lórí ọkùnrin kan,” ni Kúlúsúmù wí. “Àǹtí, ẹrù yẹn ò ní pọ̀ jù fún wọn?”

“Ẹ má ṣàánú ẹ̀. Ọrùn rẹ̀ á gbé e.”

Wọ́n gbọ́ ìró bàtà lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Bernice gbé àga kan sáàárín pálọ̀. Jọkẹ́ tún gèlè rẹ̀ wé, ó sì dìde kí ẹ̀rù tó mú un.

“Ẹ wọlé, bàbá Silas,” ni Àǹtí Bernice wí. “Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí mo sọ fún yín nìyí.”

Ọkùnrin náà wọlé tòun ti fìlà lọ́wọ́ àti ẹ̀rín lẹ́nu, Kúlúsúmù ní “Bàbá Mùíbì,” Juliana ní “Olówó orí mi,” Jọkẹ́ sì sọ gbólóhùn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìkọsẹ̀, ṣùgbọ́n bàbá Dàpọ̀ kò rí èsì kankan fọ̀, ní èdè kankan.