Ta-Ló-Mọ̀ àti Àpótí Ẹsẹ̀ Àtẹ̀gùn

Ọkùnrin kan wà tí kò gbà pé èèyàn rere ṣì kù láyé. Iṣẹ́ kọ́kọ́rọ́ ló ń ṣe: ó ń gẹ́ kọ́kọ́rọ́ tuntun, ó sì ń tún àgádágodo tó bàjẹ́ ṣe. Bí o bá kí i ní òwúrọ̀, á ní, "Ta ló mọ ohun tí eléyìí ń wá?" Bí o bá bá a gbé ẹrù, á ní, "Ta ló mọ ohun tó ti yọ nínú ẹ̀?" Bí gbogbo ilé ṣe sọ ọ́ ní Ta-Ló-Mọ̀ nìyẹn. Irin ni ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, ó sì fi pákó dí abẹ́ rẹ̀ pa, kí èèrà má baà wọlé wá ṣe amí.

Lọ́dún tí ilé iṣẹ́ ńlá àdúgbò kógbá sílé, ebi wọ ilé alájà mẹ́ta tí Ta-Ló-Mọ̀ ń gbé láìkan ilẹ̀kùn. Ìyá Aránṣọ tó ń gbé lókè pátápátá gbé àpótí onígi kan sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn. Òfin ibẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó bá ní, kó fi sí i. Ẹni tí kò bá ní, kó mú níbẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣọ́ ẹnì kejì rẹ̀.

Ẹ wá wo iṣẹ́ àrà! Àpótí yẹn kò gbẹ. Ẹni tó mú ife ìrẹsì kan lọ́jọ́ Ajé á dá ife ẹ̀wà méjì padà lọ́jọ́bọ̀, á sì sáré gun àtẹ̀gùn bí olè, kí wọ́n má baà rí i dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alábàárù tí yàrá rẹ̀ kángun sí ti Ta-Ló-Mọ̀ ló ń mú jù. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, omi ọyàn kì í sì í ti inú ikùn òfìfo wá.

Ọ̀rọ̀ yìí ń yún Ta-Ló-Mọ̀ lára. Bí èèyàn bá lè ṣe báyìí, a jẹ́ pé irọ́ ni gbogbo ohun tó ti ń sọ láti ogún ọdún. Nígbà tí oníkálukú jáde lọ wá iṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ́ àpótí náà wọ yàrá rẹ̀.

Ìyá Aránṣọ kan ilẹ̀kùn. "Àpótí dà?"

"Ó wà lọ́dọ̀ mi, mà. Mo ń bá yín tọ́jú ẹ̀ ni. Olè pọ̀ nínú ilé yìí."

"Ta ni olè inú ilé yìí?"

"Ta ló mọ̀?"

"Àwa ti mọ̀ báyìí. Ẹyọ kan ṣoṣo ni."

Ta-Ló-Mọ̀ kò ka ọ̀rọ̀ yẹn sí. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ oúnjẹ, kó wá ṣàlàyé ara rẹ̀; òun á wo ojú ẹ̀, òun á wo ikùn ẹ̀, òun á wá mọ̀ bóyá ebi ń pa á lóòótọ́. Alábàárù ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìyàwó mi ò tíì jẹun látàná."

"Kó jáde wá kí n rí i."

Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ta-Ló-Mọ̀ pa ilẹ̀kùn dé gbàgà, ó fi tagbáratagbára yí kọ́kọ́rọ́, kọ́kọ́rọ́ sì kán sínú ihò. Kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́rùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ihò ti inú ti dí, àfi ti ìta. Àwọn irinṣẹ́ rẹ̀ wà ní ṣọ́ọ̀bù, nítorí kò fẹ́ kí ará ilé jí wọn. Ẹ̀rọ omi àti ibi ìdáná wà nínú àgbàlá. Ọkùnrin náà wá jókòó lórí ìrẹsì tí a kò tíì sè, kò sí omi, kò sí iná.

Ó so kọ́kọ́rọ́ kejì mọ́ òwú, ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárín irin ojú fèrèsé, ó di ìdí òwú mú ṣinṣin. Alábàárù gbá kọ́kọ́rọ́ náà mú nísàlẹ̀.

"Òwú ò dé ẹnu ọ̀nà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀wọ́ ẹ̀."

"Kí n jọ̀wọ́ ẹ̀ kó o gbé e sá lọ?"

"Kí n gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ sá lọ síbo?"

"Ta ló mọ̀?"

Ẹ̀rín pa gbogbo àgbàlá. Àwọn kan jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó lè rín in tán. Ṣùgbọ́n ẹkún ọmọ tuntun ń dún nínú yàrá kejì, òwú sì wà lọ́wọ́ Ta-Ló-Mọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ fi mọ́. Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń họ ìrẹsì gbígbẹ jẹ bí eku.

Nígbà tó di ọ̀sán, ẹnì kan ṣí ẹ̀rọ omi láti fọ aṣọ. Ta-Ló-Mọ̀ gbọ́ ìró omi, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Ó dijú, ó jọ̀wọ́ òwú, kọ́kọ́rọ́ sì bọ́ sọ́wọ́ Alábàárù nísàlẹ̀.

Ó ń fetí sílẹ̀ sí ẹsẹ̀ Alábàárù. Ẹsẹ̀ náà kò wá sí ẹnu ọ̀nà, ìdí ẹ̀rọ omi ló gbà lọ. Ta-Ló-Mọ̀ ní, "Mo sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti lọ." Ó bú sẹ́kún. Kò pẹ́, ilẹ̀kùn ṣí. Ife omi kan ló kọ́kọ́ wọlé, kí Alábàárù tó tẹ̀ lé e.

"Ẹ rọra mu ún, ẹ̀gbọ́n. Ikùn òfìfo ò fẹ́ kánjúkánjú." Ó wá bu ìrẹsì ife kan fún ìyàwó rẹ̀. "Àbí kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ara mi?"

Onílé ní kí wọ́n yọ ilẹ̀kùn irin náà dànù. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà gbáko ni Ta-Ló-Mọ̀ fi sùn sẹ́yìn aṣọ ìkélé, abẹ́rẹ́ kan kò sọ nù. Iṣẹ́ rẹ̀ ló sọ nù. Ẹnikẹ́ni kò gbé àgádágodo lọ bá oníkọ́kọ́rọ́ tó ti ara rẹ̀ mọ́lé. Wọ́n ń kọjá ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n ń di ẹnu mú kí ẹ̀rín má baà bọ́, títí ó fi pa ibẹ̀ dé. Ó wá di ẹni tó ń gbé abọ́ lọ sí ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn, níbi tí wọ́n ti gbé àpótí padà sí. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ń retí ẹni tí yóò wo ikùn rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni. Ìyẹn ló dùn ún ju ẹgba lọ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ gbọ́ ohun tó kọ́ wa. Ìgbà tí nǹkan le kì í pa oore, àwọn tó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ló ń pa á. Ènìyàn laṣọ wa, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìnira bọ́ ọ lára yín. Nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sì ń pariwo pé èèyàn ti bàjẹ́ tán, pé kí ebi kọ́kọ́ wá ṣàlàyé ara rẹ̀, ìbáà jẹ́ aládùúgbò yín tàbí ẹni tó wà lórí àga ńlá, ẹ yẹ ọwọ́ rẹ̀ wò dáadáa. Kọ́kọ́rọ́ àpótí yín lè wà níbẹ̀.